Ìlà Tí Màámi Tò Sí Lọ́jọ́ Ìbò

Aago méjìlá ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 1990, nígbà tí màámi la ẹnu, tí wọ́n sì pe nọ́ńbà tiwọn ketekete lórí ìlà tí kò yẹ kí wọ́n wà. Mo mọ aago náà nítorí pé aago ọwọ́ mi ni mo ń wò. Ebi ń pa mí, ọyẹ́ ti la mí létè, mo sì ń gbàdúrà pé kí wọ́n tètè kà wá tán kí n lè lọ sùn.

Láti ọjọ́ náà títí di òní tí mo ń kọ èyí, ilé wa ní Iléṣà kò tíì fararọ. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó sú mi kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí bí mo bá ń sọ ọ́ lọ, ẹ lè rò pé mo ń fi àwọn òbí mi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lóòótọ́ mo ti rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín.

Ẹ̀yin tí ẹ dìbò lọ́jọ́ náà mọ bí ó ṣe rí. Kò sí àpótí, kò sí ìwé tí ènìyàn ń tẹ̀ka sí níkọ̀kọ̀. Ìjọba ológun tó ń ṣàkóso wa ti fúnra rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀, bí ẹni tó ra bàtà fún ọmọ láìwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí gbogbo wa mú ọ̀kan wọ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ní ìkọ̀kọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń jí ìbò, nítorí náà kí oníkálùkù jáde sí gbangba, kí ó tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó bá fẹ́. Bí gbogbo ènìyàn bá tò tán, òṣìṣẹ́ ìbò á fọn fèrè. Bí fèrè bá ti dún, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà rẹ̀ mọ́. Ní ibùdó tiwa, òṣìṣẹ́ náà á wá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, bó bá ti na ìka sí ọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa pe nọ́ńbà rẹ sókè kí gbogbo ayé gbọ́.

Ẹ̀kọ́ nípa ìṣèlú ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Mo lè dìde dúró kí n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí ìdí tí ìbò fi yẹ kó jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí mo kà, n kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bí ẹ bá kó tọkọtaya jáde sí pápá, tí ẹ ní kí wọ́n tò níṣojú ọmọ wọn, ará ìjọ wọn, ẹbí ọkọ, àti obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì fún wọn, ìbò náà kò ní í parí sí pápá. Wọ́n á gbé e wọlé. Wọ́n á gbé e ka orí tábìlì oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bàámi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Iléṣà pọ́ńbélé. Àwọn ni wọ́n máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìjọ wa, ohùn wọn kì í sì í nílò ẹ̀rọ. Òṣogbo ni wọ́n ti fẹ́ màámi wá, láti ilé Mùsùlùmí. Télọ̀ tó ń rán agbádá lẹ́yìn Ọjà Ọba ni bàbá màámi. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ni màámi ti ṣe ìrìbọmi, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kọ orin nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, tí wọ́n ń gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá kàn wọ́n, tí wọ́n ń dín àkàrà fún ìkórè. Síbẹ̀ àdúgbò kò pè wọ́n ní nǹkan mìíràn ju Ìyá Òṣogbo lọ.

Nígbà tí ìbò káńsẹ́lọ̀ dé, ọ̀gá akọrin ìjọ wa jáde láti díje. Bàámi dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ, wọ́n ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ ní tèmi. Ilé mi pátá ni tiyín." Wọn kò bi ilé wọn pátá. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí wọn, tí mo ní ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, wọn kò bi mí. Inú bí mi. Kì í ṣe pé mo ní ẹlòmíràn tí mo fẹ́ o. N kò fẹ́ ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fi mí ṣèlérí bí ẹni fi àga ilé rẹ̀ yáni. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni ni bàbá ẹni. Lọ́jọ́ ìbò, mo tò sẹ́yìn wọn jẹ́ẹ́.

Ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn ní pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi gúáfà, èkejì láti ara ògiri kíláàsì. Màámi pẹ́ kí wọ́n tó dé nítorí pé ẹ̀wà wà lórí iná. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ìyáálé wọn rí wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàámi ni ìyáálé yìí, opó tó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Inú agbo ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, òun sì ni àgbà gbogbo ìyàwó ilé. Ìlà kejì ni òun wà, kò sì fi bò, nítorí pé òun àti ìyá ọkùnrin tó ń bá ọ̀gá akọrin du ipò náà jọ ṣe ọmọge ní Ìwàrà.

"Ìyàwó! Ìyàwó, yà síbí!"

"Ẹ kú ìdúró o, ìyáálé mi."

"Má kí mi. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Bá mi dúró síbí kí wọ́n má gba ààyè mi. Ẹ̀yìn kíláàsì yẹn ni mò ń lọ."

"Ìyáálé mi, ibí yìí kọ́ ni ìlà tí mo..."

"Ta ló bi ọ́ ní ìlà? Ààyè ni mo ní kí o bá mi mú. Àbí kí n tọ̀ sára lójú àwọn ọmọkọ́mọ yìí?"

Nínú agbo ilé wa, bí ìyáálé bá rán ìyàwó níṣẹ́, ẹsẹ̀ ni ìyàwó fi ń dáhùn. Màámi bọ́ sójú ìlà náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu.

"Ìyá Òṣogbo, ẹ káàbọ̀ sílé o!"

"Ààyè ni mo mú, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Gbogbo wa la mú ààyè!"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà náà ni ẹnì kan tí a jọ ṣe girama rí mi, ó ń bi mí bóyá mo ti ríṣẹ́, mo sì ń ṣàlàyé fún un bí a ṣe máa ń ṣàlàyé, pé ibì kan ń pè mí, ibì kan ní kí n ní sùúrù. Àlàyé náà ni mo ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí fèrè dún. Ìgbà tí mo máa yíjú padà, màámi ṣì wà lórí ìlà ọ̀hún. Ìyáálé wọn wà lẹ́yìn wọn.

Wọ́n ka ìlà tiwọn kí wọ́n tó ka tiwa. Nígbà tó kan màámi, gbogbo ènìyàn na ọrùn. Bàámi, tó wà níwájú níwájú lórí ìlà tiwa, yí gbogbo ara padà. Mo rò pé màámi á ṣàlàyé pé ààyè ni àwọn bá ẹnì kan mú. Wọn kò ṣàlàyé. Òṣìṣẹ́ ìbò tún na ìka sí wọn lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, ẹ pe tiyín."

"Ẹ̀tàdínlógójì," ni màámi wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Pápá hó. Ẹnì kan kígbe pé, "Ọ̀gá, wọ́n ti kó ilé yín lọ o!" Ẹlòmíràn ní, "Ilé pátá ni, ó ku yàrá kan!" Ọ̀gá akọrin kò wo màámi rárá. Bàámi ló ń wò. Ó fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, ìbò tó sì fi fìdí rẹmi pọ̀ gan-an, ìbò ẹnì kan kọ́ ló gbé e ṣubú. Mo sọ èyí fún bàámi lójú ọ̀nà ilé, mo tilẹ̀ bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n kàn yára ẹsẹ̀ sí i ni. Mo tún un sọ, nítorí mo rò pé wọn kò gbọ́. Wọ́n gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàámi kọ oúnjẹ. Màámi gún iyán. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ará Iléṣà, ẹ wo ìwọ̀n ìbínú ẹni tó wo iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ẹran ìgbẹ́ nínú, tó wá ní ebi kò pa òun. Wọ́n wọ yàrá wọn lọ, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ẹ̀pà jẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe di ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà àti búrẹ́dì nínú ilé tí iyán ti ń ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀pà kọ́ ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà fún mi ni. Mo ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ já mọ́ mi lọ́wọ́ ni gbígbé ọ̀rọ̀ kọjá láàárín àga méjì nínú pálọ̀ kan náà.

"Sọ fún ìyá rẹ pé kọ́kọ́rọ́ àpótí mi dà?"

"Sọ fún bàbá rẹ pé ó wà níbi tó fi í sí."

"Bi í pé ibo ni mo fi í sí?"

"Bi òun náà, ṣé èmi ló bá a fi í sí i ni?"

Mo dúró láàárín wọn bí òpó. Mo sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì ti gbọ́ ara wọn. Bàámi ní n kò ní ẹ̀kọ́. Mo lọ sẹ́yìnkùlé mo sì sunkún díẹ̀, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà gan-an, bí kò ṣe pé mo rò ó pé bí àwọn méjì tí mo fẹ́ràn jù láyé kò bá lè sọ̀rọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́, nígbà wo ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń dùn wọ́n?

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àgbà méjì láti inú ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wá sílé wa. Ìyáálé gbọ́ pé wọ́n wà ní pálọ̀, ó sì wọlé bá wọn láìkan ilẹ̀kùn.

"Bí ẹ bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, èmi rèé. Èmi ni mo rán an. Ìtọ̀ ló gbọ̀n mí. Ìgbà tí n ó fi padà dé, fèrè ti dún, kò lè kúrò mọ́. Ṣé kí n lọ gbé ìtọ̀ náà wá kí ẹ rí i ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Èkejì ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, àṣìṣe ni, ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Mo rí i pé èjìká bàámi rọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n á sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí. Wọ́n kọjú sí màámi, wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìbò.

"Bẹ́ẹ̀ ni o? Ìyáálé rẹ ló rán ọ? Fẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí n lè jókòó nínú ìjọ."

Màámi ń ká aṣọ. Wọ́n ká a tán.

"Wọ́n rí mi níbi tí mo dúró. N kò ní nǹkan kan láti fi kún un."

Ìyáálé pariwo pé, "Ìyàwó! Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni!" Màámi ti wọlé lọ.

Kí Kérésìmesì tó dé, màámi ní àwọn ń lọ wo ìyá àwọn ní Òṣogbo. Àpò kan ni wọ́n gbé. Wọn kò padà fún Kérésìmesì, wọn kò padà fún ọdún tuntun. Bàámi ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ Kérésìmesì, ohùn wọn já lẹ́ẹ̀mejì, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi sì ń wo àlàfo tó wà níbi tí màámi máa ń jókòó sí. Àwọn ará ìjọ ń bi mí pé, "Mọ́mì ń kọ́?" Mo ní ara ìyá wọn ni kò yá. Irọ́ ni. Ara ìyá wọn le ju tèmi lọ.

Nígbà tí oṣù Kíní dé ìdajì, bàámi pè mí. Wọ́n ń wo fèrèsé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Lọ sí Òṣogbo. Bá mi bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣé àṣìṣe ni, àbí kì í ṣe àṣìṣe? Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, n ó mú àwọn àgbà ẹbí dání, èmi fúnra mi á lọ mú un wá. N ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dójú tì mí níwájú gbogbo ìlú ni, n kò lè lọ. Kí ni n ó lọ sọ níbẹ̀?"

Mo wọ mọ́tò. Láti Iléṣà dé Òṣogbo kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo ro ọ̀rọ̀ náà débi pé orí ń fọ́ mi nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Ọjà Ọba. Àwọn alábàárù ń ké pé kí n yà lọ́nà, n kò tètè gbọ́, ọ̀kan sì fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀ kàn mí léjìká. Inú mi dùn díẹ̀ pé ohun kan wà tí mo lè tìtorí rẹ̀ bínú láìsí ìtìjú.

Àbúrò màámi lọ́kùnrin ni mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, lórí máṣíìnì ìránṣọ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi.

"Alihamudulilahi, aṣojú Ìjẹ̀ṣà ti dé! Ẹ̀bẹ̀ lo gbé wá ni àbí ẹjọ́?"

"Ẹ káàsán, sà. Ìbéèrè ni mo gbé wá."

"Ìbéèrè! Wọ́n rán obìnrin wá mú ìyàwó, ó gbé ìbéèrè dé. Wọlé, ojú rẹ ti funfun bí ẹni tó kun ẹfun."

Ìyá àgbà wà lórí ẹní, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Màámi jókòó tì wọ́n. Mo kúnlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ọlọ́run tó gbé ọ dé..."

"Àmín," ni mo wí.

Màámi gbójú sókè. "O rí i? Ọlọ́run tó gbé ọ dé, kí ló máa ṣe? O ò tíì gbọ́, o ti ṣe àmín."

Mo rò pé wọ́n ń ṣe eré ni. Nígbà tí ìyá àgbà lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun ọ̀sán, mo béèrè ìbéèrè bàámi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi. Màámi fa ẹ̀wà sọ́dọ̀, wọ́n ń ṣà á lọ.

"Ìyáálé mi ti dé kí fèrè tó dún."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ó ti dé. Ó ní, 'Ó tó, ìyàwó, máa lọ síbi tìrẹ.' Èmi ni mo ní kó dúró sẹ́yìn mi."

Mo fẹ́ bínú sí wọn, mo tún ń rò pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ìbò wọn, ohun tí ìwé mi gan-an kọ́ mi nìyẹn. Mo ní ṣé ọkùnrin kejì ni wọ́n fẹ́ ni? Wọ́n ní àwọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

"Kí ló wá dé?"

Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìbò, àwọn ará ìjọ ṣe ìpàdé àdúrà ní pálọ̀ wa. Mo rántí, ilé ìdáná ni mo wà, mò ń bu mìnírà sí ife. Ọ̀gá akọrin ló gbàdúrà ìkẹyìn. Ó ní kí Olúwa má jẹ́ kí ìlú padà sínú òkùnkùn, òkùnkùn kan náà tí Olúwa fi àánú yọ àwọn kan kúrò nínú rẹ̀, pàápàá nínú ilé yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti inú ẹ̀sìn mìíràn wá nínú ilé wa.

"Òkùnkùn," ni màámi wí. Wọ́n na ọwọ́ sí yàrá tí a wà: ẹní, bùtà àlùwàlá, àwòrán bàbá wọn lára ògiri pẹ̀lú fìlà tí ó rán fúnra rẹ̀. "Ibí ni. Níbí ni bàbá mi ti fi mí fún bàbá rẹ. Àwọn ẹbí ní kó má gbà. Ó ní bí ọmọ òun bá ti rí ọkùnrin tó níwà, òun kò béèrè ibi tó ń kọjú sí bó bá fẹ́ gbàdúrà. Bàbá rẹ wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó sunkún lọ́jọ́ náà."

N kò mọ̀ pé bàámi ti sunkún rí.

"Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń gbàdúrà rẹ̀, mo la ojú, mo wo ọkọ mi. Mo ní èyí, á dákẹ́ lórí rẹ̀. N kò ní kó jà. Kó dákẹ́ nìkan. Ó ṣe àmín. Ohùn rẹ̀ ló ga jù nínú gbogbo wọn."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n màámi, bóyá wọn kò gbọ́ ohun tó sọ."

"Bóyá."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn."

"O ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Bí o bá sọ fún un, á wá bẹ̀ mí nítorí pé wọ́n sọ fún un. Jẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí mo rí. Ó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìrònú títí ó fi fẹ̀yìntì."

"Ìyẹn á pẹ́."

"Mo wà nílé bàbá mi. Kò sí ohun tó ń lé mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo padà sí Iléṣà. Ọ̀dọ̀ ìyáálé ni mo kọ́kọ́ yà, nítorí ẹ̀rù bàámi ń bà mí.

"Màmá, ẹ ti dé kí fèrè tó dún."

Ó wò mí, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. "Ọkọ mi, mo ti dàgbà. N kò rántí ìgbà tí mo tọ̀ tán."

"Ẹ purọ́ fún bàámi àti àwọn àgbà ìjọ."

"Mo purọ́ fún wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òótọ́ ṣe? Gbogbo wọn ló ń wá irọ́ yẹn, mo sì bù ú fún wọn. Ìyàwó mi nìkan ni kò jẹ ńbẹ̀. Ìwọ sáà sọ pé àṣìṣe ni, kí obìnrin náà padà wálé. Kò sí ẹni tó ń gún iyán fún mi mọ́."

Bàámi ń dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ mímọ́, bí ẹni pé mo lè mú màámi dání.

"Èwo ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná, sà." Mo jókòó. "Bàámi, ṣé ẹ rántí àdúrà tí ọ̀gá akọrin gbà ní pálọ̀ wa kí ìbò tó dé?"

"Àdúrà wo? Ọkùnrin yẹn kì í dákẹ́ àdúrà."

"Èyí tó ti dárúkọ òkùnkùn."

"Gbogbo tirẹ̀ ló ń dárúkọ òkùnkùn. Kí ni òkùnkùn ṣe?"

"Ẹ ṣe àmín sí i."

"Ta ni kì í ṣe àmín?" Inú ti ń bí wọn. "Bí wọ́n bá ń gbàdúrà nínú ilé mi, kí ni kí n máa ṣe? Kí n máa súfèé? Ìbéèrè ni mo rán ọ, o ń bi mí ní kátíkísì."

Wọn kò rántí. Mo wo ojú wọn dáadáa, ojú ẹni tó ń tan ènìyàn kọ́. Àdúrà náà wọlé, ó sì jáde, àmín wọn sin ín dé ẹnu ọ̀nà bí a ṣe ń sin àlejò tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí n kò gbọ́ ìwàásù mọ́. Mo ń bi ara mi bóyá bí òṣìṣẹ́ ìbò ṣe ka màámi ni Ọlọ́run ń ka àmín wa: bí o bá ti wà lórí ìlà, tí o sì la ẹnu, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ ọn, ohun yòówù tó wà lọ́kàn rẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ nǹkan ní Iléṣà yìí. Ó sì ń bí mi nínú pé gbogbo ìlú ló ń pe ìbò màámi ní àṣìṣe, ìbò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dì, ṣùgbọ́n àmín tó jẹ́ àṣìṣe gan-an, kò sí ẹni tó tilẹ̀ kíyè sí i àfi màámi.

Mo sọ fún bàámi pé màámi ní kí a fún àwọn láàyè díẹ̀ sí i. Irọ́ ni, tàbí kí n ní kì í ṣe òótọ́ pátápátá. Bàámi ní ó dára, àwọn fún mi títí ọyẹ́ á fi kásẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn náà kí n wá dá àwọn lóhùn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọyẹ́ ti ń dínkù. Lánàá mo rí ìkúùkuu òjò lójú ọ̀run níhà Ìwàrà, mo sì wá ìwé àti bírò láti kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí. Bí mo bá ní àṣìṣe ni, bàámi á lọ sí Òṣogbo pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ ní yàrá tí wọ́n ti fi ìyàwó fún wọn, wọ́n á sì sọ níwájú ìyá àgbà pé, "Mo gbọ́ pé àṣìṣe ni." Màámi á gbọ́ ọ. N kò mọ ohun tí wọ́n máa fi fèsì, mo sì mọ̀ wọ́n: bí wọ́n bá tún la ẹnu, ketekete ni. Bí mo bá ní kì í ṣe àṣìṣe, bàámi kò ní í lọ, ẹ̀pà àti búrẹ́dì á sì di oúnjẹ ọjọ́ ogbó. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ àmín náà gan-an fún wọn, mo ti da màámi, mo sì ti gba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ni pé kí ọkọ wọn fúnra rẹ̀ rántí. Bí mo bá dákẹ́, ọyẹ́ kò ní í dúró dè mí.

Mo ti ń rò ó bóyá kí n mú bàámi dání lọ sí Òṣogbo láìdáhùn rárá, kí n jókòó tì wọ́n nínú yàrá yẹn, kí wọ́n wo ògiri. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mú ẹni tó ní òun kò ní í lọ láìgbọ́ ìdáhùn? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ti ṣe àmín sí ohun tí ẹ kò gbọ́, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ti fi ṣe òpó láàárín àga méjì rí, kí ni ẹ bá sọ ká ní ẹ̀yin ni? Kí ni kí n sọ fún bàbá mi?